Kì í ṣe mọ́tò nìkan ló wà: Bí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe bọ́ gáàwùn sílẹ̀ kó tó lè kó obìnrin Ẹ̀gbá jọ

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wà lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ránṣọ nínú ilé rẹ̀ ní Ìgàngàn, mò ń dúró kó bá mi dín ẹsẹ̀ ṣòkòtò kù. Ìyá yìí ò ní ṣọ́ọ̀bù. Pálọ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, lábẹ́ fèrèsé, kó lè rí ìmọ́lẹ̀ dáadáa, torí iná ìjọba ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ibi tí mo jókòó sí ni ọmọbìnrin kan ti wọlé bá wa. Ọmọ ìlú ni, àmọ́ Ìbàdàn ló ti ń kàwé. Ó yọ fóònù, ó ní òun fẹ́ rán aṣọ ọjọ́ ìbí, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ vintage, ti ayé àtijọ́ pọ́ńbélé, torí òun máa fi ya fọ́tò.

Mo yọjú wo fóònù náà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni mo rí. Fọ́tò méjì ló wà níbẹ̀. Nínú ọ̀kan, ó ṣì wà léwe, gáàwùn òyìnbó ló wọ̀. Nínú èkejì, ó ti dàgbà, ó ró ìró, ó wọ bùbá, ó sì wé gèlè. Ọmọbìnrin yẹn ní ti gáàwùn ni kí wọ́n bá òun rán. Mo bi í bóyá ó mọ ẹni tó wà nínú fọ́tò. Ó ní ìyá Fẹlá ni, obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà.

Mi ò lè dá a lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tá a há a sórí bí orin. Àmọ́ ó dùn mí díẹ̀. Obìnrin tó kó obìnrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ títí ọba fi kúrò lórí ìtẹ́, mọ́tò wíwà la fi ń rántí rẹ̀! Nígbà tí mo sì délé, fọ́tò méjì yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín gáàwùn àti ìró yẹn? Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ sọ ìtàn ìyá yìí fún yín lónìí.

Ọmọ aránṣọ

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1900 ni wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta. Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas lorúkọ rẹ̀. Daniel Olúmúyìwá Thomas ni bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tó tún ń ṣòwò epo. Lucretia Phyllis Ọmọ́yẹni Adéòsólù ni ìyá rẹ̀, iṣẹ́ aránṣọ sì ni ìyá yìí ń ṣe. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn o. Inú ilé tí wọ́n ti ń gé aṣọ, tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ wá oúnjẹ, ni ọmọ yìí ti là lójú.

Ìdílé wọn wà lára àwọn tá à ń pè ní Sàró, ìyẹn ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láyé ogun, tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n já sílẹ̀ ní Sierra Leone, tí wọ́n sì padà wálé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn Sàró ló kó ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé àti aṣọ òyìnbó dé Abẹ́òkúta. Lójú wọn, gáàwùn kì í ṣe aṣọ lásán.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi iṣẹ́ ọwọ́ yẹn. Gáàwùn òyìnbó, ara ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń rán an fún. Aránṣọ á fi téèpù wọn àyà, á wọn ìbàdí, á wọn èjìká, á gé aṣọ ní abala-abala, á wá so wọ́n pọ̀. Tí ẹni tó ni ín bá sanra díẹ̀, wàhálà dé. Ó ń fẹ́ bọ́tìnnì, ó ń fẹ́ aṣọ abẹ́, ó tún ń fẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú. Obìnrin tó bá wọ̀ ọ́ jáde ní Abẹ́òkúta nígbà yẹn, kó tó lanu rárá ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó lọ sílé ìwé, ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, owó sì wà nílé wọn.

Ní 1914, Fúnmiláyọ̀ wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sí Abẹ́òkúta Grammar School. Ní 1919, àwọn òbí rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, sílé ìwé kan tó ń jẹ́ Wincham Hall ní Cheshire. Ó kọ́ orin níbẹ̀, ó kọ́ èdè Faransé, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì geere. Ó sì kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ọmọ aránṣọ Abẹ́òkúta lọ kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àwọn tó ni gáàwùn gan-an.

Àmọ́ ohun mìíràn tún wà tó kọ́ lọ́hùn-ún. Ó rí bí wọ́n ṣe ń fojú àwọ̀ dúdú wo èèyàn. Kó tó padà wálé ní 1922, ó ti pa Frances àti Abigail tì. Ó ní Fúnmiláyọ̀ ni kí wọ́n máa pe òun. Orúkọ ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Gáàwùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin

Nígbà tó dé, ó di olùkọ́ nílé ìwé tó ti jáde. Ní oṣù Kíní ọdún 1925, ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, olùkọ́ pàtàkì tó wá di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, NUT. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Wọ́n bí Dolúpọ̀, wọ́n bí Olíkòyè tó padà di mínísítà ètò ìlera, wọ́n bí Fẹlá ní 1938, wọ́n sì bí Bẹ́kọ̀ tó di dókítà àti ajàfẹ́tọ̀ọ́.

Ní 1932, Israel di ọ̀gá àgbà ní Abẹ́òkúta Grammar School, ìdílé náà sì kó padà sílé. Ọdún yẹn náà ni Fúnmiláyọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Abẹ́òkúta Ladies' Club. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n ń ránṣọ. Wọ́n ń kọ́ oúnjẹ sísè, wọ́n ń ṣeré ìdárayá, wọ́n ń kọ́ ìwà ìyáàfin. Àwọn obìnrin tó kàwé, onígbàgbọ́, ìyàwó àwọn ènìyàn ńlá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú ẹ̀, àbí? Ó dà bíi tàwọn tó ń pàdé lópin ọ̀sẹ̀ báyìí ní Bódìjà tàbí Lekki láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì.

Àmọ́ ẹ wo ìlú tí ẹgbẹ́ yìí wà. Aṣọ ni Abẹ́òkúta ń jẹ, aṣọ ló ń mu. Àwọn obìnrin aláàdìrẹ ló ń ta á fáwọn oníṣòwò tó ń wá láti oríṣiríṣi ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ọjà dẹnu kọlẹ̀ láwọn ọdún 1930, tí àwọn aláró kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo aró òyìnbó àti sódà amúnimúyẹ́ dípò èlú àti omi eérú, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin dè é. Àwọn aláàdìrẹ kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà di rannto títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní 1936. Ìjà ńlá lórí aṣọ ń lọ láàárín ìlú, àwọn ìyáàfin sì ń ránṣọ nínú pálọ̀ tiwọn. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì, wọn ò jọ jókòó.

Ọjọ́ tí ọlọ́jà wá kọ́ ìwé

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà kéré gan-an. Ní bíi 1944, obìnrin ọlọ́jà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá a pé kó kọ́ òun ní ìwé kíkà. Fúnmiláyọ̀ gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì fáwọn àgbà, àwọn ọlọ́jà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá jókòó ti ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó wá kọ́ A B D á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wàhálà ilé. Àwọn ọlọ́jà ń sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń já ìrẹsì gbà lọ́wọ́ àwọn, tàbí kí wọ́n san owó tí kò tó nǹkan, torí ogun àgbáyé tó ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó orí. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, obìnrin ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti 1918, ọkọ rẹ̀ náà ń san tirẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti wọ̀ ọ́, nígbà tí ọmọkùnrin máa dúró di 16. Àwọn agbowó orí a máa já wọlé onílé. Èyí tó bí àwọn ìyá nínú jù ni ẹ̀sùn pé wọ́n ń bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọdébìnrin láti wò ó bóyá wọ́n ti dàgbà tó ẹni tó ń sanwó.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ yẹn. Wọ́n ń bọ́ aṣọ lára ọmọ ọlọ́mọ nítorí owó orí.

Àwọn ìyáàfin ẹgbẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì yẹn lọ síwájú ìjọba, wọ́n sì ṣe é títí ìjọba fi jáwọ́. Ní 1946, orúkọ ẹgbẹ́ yí padà di Abẹ́òkúta Women's Union, ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Ẹ̀gbá. Kò sí ti pé o kàwé tàbí o ò kàwé mọ́.

Gáàwùn bọ́

Ibí yìí ni fọ́tò kejì yẹn ti wáyé. Fúnmiláyọ̀ rí i pé kò sí bí obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ ṣe máa jókòó ti obìnrin tó wọ gáàwùn, tí ara rẹ̀ máa balẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, aṣọ ti sọ fún un pé ipò wọn ò dọ́gba. Nítorí náà, ó rọ àwọn ìyáàfin pé aṣọ Yorùbá ni kí wọ́n máa wọ̀ wá sípàdé. Òun fúnra rẹ̀ pa gáàwùn tì. Láti ìgbà yẹn, ìró, bùbá àti gèlè ló mọ̀. Yorùbá ló sì ń sọ níwájú àwọn òyìnbó ìjọba, ẹni tí kò bá gbọ́ kó wá ògbufọ̀.

Àwọn kan lè sọ pé aṣọ lásán ni, kí ló kan ìjà owó orí? Ẹ bi aránṣọ yín léèrè. Ìró, aṣọ tí wọn kì í gé ní abala ni. Etí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ká. Bùbá, wọ́n á ṣẹ́ aṣọ po, wọ́n á gé ọrùn, wọ́n á fi apá sí i, ó parí. Kò sí síìpù, kò sí pé à ń wọn ìbàdí. Ẹni tó tín-ín-rín á wọ̀ ọ́, aláboyún á wọ̀ ọ́, ìyá arúgbó á wọ̀ ọ́. Tí ọ̀rẹ́ rẹ ò bá ní, o lè yá a ní tìẹ, á sì gba ara rẹ̀. Obìnrin tó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Cheshire, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ aránṣọ, kò lè ṣàì mọ ìyàtọ̀ yìí.

Àtìgbà yẹn ni èrò ti wọ́ dé. Wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ tó orúkọ sílẹ̀ tó 20,000. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1947, ó lé ní 10,000 obìnrin tó lọ ká ààfin Aké mọ́, wọ́n kọrin, wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ìjọba bá kọ̀ láti fún wọn níwèé àṣẹ ìwọ́de, wọ́n á ní ìwọ́de kọ́, àwọn ń lọ ṣe píkíníìkì ni. Ẹ ò rí i pé wọ́n gbọ́n! Eré ìyáàfin tí wọ́n ń ṣe ní 1932 ló wá di ọgbọ́n ogun. Ó tún kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe máa ṣe tí wọ́n bá yin tajútajú lù wọ́n.

Ní 1948, ìjọba dá owó orí obìnrin dúró, Aláké sì kúrò nílùú. Ní oṣù Kíní 1949, ìkéde jáde pé ó ti sọ̀kalẹ̀ lórí oyè. Obìnrin mẹ́rin, tí Fúnmiláyọ̀ wà lára wọn, wọ ìgbìmọ̀ tuntun tó ń ṣàkóso Ẹ̀gbá. Mi ò ní tan yín jẹ o, ayé ò yí padà tán. Ọba padà sórí ìtẹ́ ní ìparí 1950. Fúnmiláyọ̀ náà du ipò ìbò ní 1951, kò wọlé. Àmọ́ ẹ̀rù obìnrin Ẹ̀gbá ò kúrò lọ́kàn ìjọba mọ́.

Ìró kan, ayé gbogbo

Ní 1947 yẹn náà, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC rán aṣojú lọ sí London láti lọ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lórí òfin ìlú, òun nìkan ni obìnrin tó wà láàárín wọn. Ó kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker lórí ìyà tó ń jẹ obìnrin Nàìjíríà lábẹ́ àwọn amúnisìn, ariwo sì ta nílé. Ní 1949, ó dá ẹgbẹ́ obìnrin gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀. Ó rin ìrìn-àjò lọ sí ìlà oòrùn Yúróòpù, ó dé orílẹ̀-èdè Ṣáínà, tòun ti ìró àti gèlè rẹ̀. Èyí ló mú kí wọ́n máa pè é ní kọ́múníìsì. Ní 1957, ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe.

Ó gba oyè ìdánilọ́lá orílẹ̀-èdè ní 1965, Yunifásítì Ìbàdàn fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1968, ó sì gba ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin ní 1970. Láwọn ọdún 1970 yẹn, nígbà tí Fẹlá yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀, ìyá náà yọ tirẹ̀, ó di Aníkúlápó-Kútì. Orúkọ òyìnbó tó ṣẹ́ kù sára rẹ̀ náà lọ.

Ẹ mọ bó ṣe parí. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya bo ilé Fẹlá, Kalakuta, nílùú Èkó. Wọ́n lu àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n dáná sun ilé. Ìyá ẹni ọdún 76 ni wọ́n jù sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó kú lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1978, wọ́n sì sin ín sí Abẹ́òkúta.

Ohun tó kàn wá

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó jẹ́ tèmi. Ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó fẹ́ràn ìpàdé yẹn bí nǹkan míì. Nígbà tó yá, kò lọ mọ́. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kò sóhun tó ṣe ẹsẹ̀. Wọ́n ti mú aṣọ ẹgbẹ́ fún àjọ̀dún, kò lówó rẹ̀, wọ́n sì ti sọ pé ẹni tí kò bá ní in, ẹ̀yìn ni kó jókòó sí. Ìró àti bùbá ni aṣọ yẹn o, kì í ṣe gáàwùn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ fún yín pé ìró dára, gáàwùn burú. Ìró náà lè di gáàwùn lọ́wọ́ wa. Léèsì tí owó yáàdì márùn-ún rẹ̀ tó owó oṣù olùkọ́, iṣẹ́ tí gáàwùn ń ṣe ní Abẹ́òkúta láyé ọjọ́un ló ń ṣe. Ó ń sọ fún ẹnì kan pé kó lọ jókòó sẹ́yìn. Ohun tí Fúnmiláyọ̀ ṣe ju pé ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ. Ó bi ara rẹ̀ pé aṣọ wo ni mo lè wọ̀ tí ẹni tó kéré jù nínú wa á fi lè jókòó tì mí. Ẹni tó ní ipò ló pààrọ̀ aṣọ, kò ní kí ọlọ́jà lọ yáwó rán gáàwùn.

Nígbà tí mo padà lọ gba ṣòkòtò mi ní Ìgàngàn, gáàwùn ọmọbìnrin yẹn ti ń lọ lórí ẹ̀rọ, ó sì dára, mi ò ní purọ́. Mo sọ ìtàn yìí fún aránṣọ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bùbá ì bá ti tán lánàá, apá gáàwùn yẹn nìkan ti gba òun lọ́jọ́ méjì. Ó ní tí ọmọ náà bá wá gba aṣọ rẹ̀, òun máa sọ fún un.

Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ fẹ́ rán vintage, ẹ rán èyí tó wù yín. Àmọ́ tí wọ́n bá bi yín pé ta ni ẹni tó wà nínú fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró síbi mọ́tò. Tí wọ́n bá sì tún gbé aṣọ ẹbí dé iwájú yín pé kẹ́ ẹ dá iye rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ronú kan ẹni tí kò ní lè wá nítorí iye yẹn.